Mẹ́ta fún Gbogbo Wa

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí agara ṣe ń dá ènìyàn, kó gba fọ́ọ̀mù Dókítà Theophilus, kó gbé e wọ àdúgbò Pórógun ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó sì máa bi àwọn àgbàlagbà léèrè irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Kó má bi wọ́n nípa aládùúgbò wọn o. Nípa aládùúgbò, wọn á sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kó bi wọ́n nípa ara wọn.

Ohun tí Ìyáàfin Susannah Mọ́ṣádé ń ṣe nìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1985. Obìnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìjọba tó dá òun àti àwọn bíi tirẹ̀ dúró, wọ́n ní àwọn tíṣà ti pọ̀ jù. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti ní ilé tiwọn. Ohun tó dùn ún jù ni ìwé tí wọ́n fi dá a dúró. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, kò sí ẹ ṣeun níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ kú iṣẹ́. Ó ká ìwé náà sínú Bíbélì rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kó lè máa bínú sí i ni.

Dókítà Theophilus Adébùsọ́lá ló tún fún un níṣẹ́. Ọmọ Ayépé nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ni Dókítà, ṣùgbọ́n ó ti lo ọdún mọ́kànlá nílùú òyìnbó kó tó padà wá di olùkọ́ ní yunifásítì. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́. Ìmọ̀ ìwà ẹ̀dá ló kà. Ó gba yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìtòrò, ó gbé tábìlì sí i, ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún Susannah. Ó ní àwọn òyìnbó kan tó gbọ́njú mọ iṣẹ́ yìí ti ń sọ báyìí pé bí ìwà ọmọ aráyé ti pọ̀ tó, igbá márùn-ún péré la fi lè kó gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá igbá márùn-ún náà gba ìwà Ìjẹ̀bú. Ìjẹ̀bú nínú igbá márùn-ún! Ẹni tó bá fẹ́ gbé e, ẹ jẹ́ kó gbé e.

Ọgọ́ta gbólóhùn ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà. "Mo máa ń parí iṣẹ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀." "Mo máa ń tètè bínú." "Olóòótọ́ ni mí." Oókan títí dé aárùn-ún wà níwájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mú ọ̀kan, ohun tó ń sọ ni pé kò bá òun mu rárá. Ẹni tó bá mú márùn-ún, òun gan-an nìyẹn. Mẹ́ta wà láàárín, kò síhìn-ín, kò sọ́hùn-ún. Dókítà sì tẹ òfin kan mọ́ ọn létí: ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dáhùn ní òun nìkan, kí etí kẹta má gbọ́, ohun tí ènìyàn bá sì sọ ni kó kọ, kó má fi kún un, kó má yọ níbẹ̀. Igba ènìyàn ló ń fẹ́ kí oṣù kẹta tó parí.

"Bí iṣẹ́ yìí bá dára, mà," Dókítà ní, "ọdún mẹ́ta gbáko ló kù níwájú. Màá kọ orúkọ yín ránṣẹ́ sí yunifásítì, wọn á fún yín níwèé ìgbanisíṣẹ́."

Ìwé ìgbanisíṣẹ́. Susannah gbọ́ ìyẹn, ó sì rò ó dé ilé. Ó fẹ́ kí ẹnì kan tún kọ ọ́ síwèé pé òun wúlò. Bí ìwé yẹn bá dé, ó ti pinnu pé òun á yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú Bíbélì, òun á sì fi dáná.

Ọ̀dọ̀ Pa Frederick ló ti bẹ̀rẹ̀, kápẹ́ńtà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń jókòó sí ìta ilé rẹ̀ ní Pórógun láti àárọ̀. Baba náà fi àga fún un, ó sì fetí sílẹ̀ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"'Mo máa ń parí iṣẹ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀,'" Susannah kà á. "Ẹ mú nọ́ńbà kan, bàbá."

"Tíṣà, àga tí o jókòó lé yẹn, èmi ni mo kàn án, lọ́dún tí wọ́n bí àkọ́bí mi. Ṣé ó ń mì?"

"Kò mì, bàbá."

"Bi àga, nígbà náà."

"Bàbá, ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n bi."

"Èmi kẹ̀? Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Ṣé ìwọ Susannah ti rí ìpàkọ́ ara rẹ rí? Bi àwọn tó mọ̀ mí."

Ó fi wákàtí méjì bẹ̀ ẹ́. Baba náà ò bínú, kò sì yí ohùn padà. Nígbà tó rí i pé obìnrin náà ti fẹ́ sunkún, ó ní kó kọ mẹ́ta sí gbogbo rẹ̀, nítorí mẹ́ta kì í dá ẹjọ́ sílẹ̀.

Ti Ràsákì télọ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Bó ṣe kà á fún un pé "Mo máa ń tètè bínú," ni Ràsákì dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Mà, ta ló rán yín sí mi? Ṣé ìyàwó mi ni?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Ràsákì. Gbogbo ènìyàn ni mò ń bi."

"Gbogbo ènìyàn bí i ti báwo? Èmi, tí mo máa ń tètè bínú? Ta ló rí mi níbi tí mo ti ń bínú?" Ó ti ju síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó nu ojú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ kọ ọ́ sí àárín. Ẹ kọ mẹ́ta. Mi ò fẹ́ wàhálà."

Susannah ti fojú ara rẹ̀ rí márùn-ún. Mẹ́ta ló kọ, nítorí òfin ni òfin.

Bó ṣe rí nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì, láti Pórógun dé Òkè Ajé, nínú ọyẹ́ àti eruku. Àwọn kan ní kó padà wá lọ́la. Àwọn kan pe ọmọ wọn wá dáhùn fún wọn. Obìnrin kan bi í léèrè bóyá ìjọba fẹ́ fi ìwà gbowó orí ni. Àwọn tó dáhùn, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Ẹ bi àwọn tó mọ̀ mí. Ó gbọ́ gbólóhùn yẹn títí ó fi ń dún sí i létí bó bá ń fọ eyín láàárọ̀. Fọ́ọ̀mù mọ́kàndínlógún péré ló rí kó jọ. Inú ń bí i sí Dókítà, ó ń bí i sí àwọn òyìnbó oní-igbá-márùn-ún, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ara rẹ̀ ló bí i nínú jù. Kí ló tún le níbẹ̀? Ṣé ènìyàn ò mọ ara rẹ̀ ni? Ṣé ó nira láti fi ìka kan nọ́ńbà kan?

Ìgbà náà ló rántí àwọn régbérégbé rẹ̀.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde lè má mọ bí èyí ti wúwo tó. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mẹ́ta kan náà, ẹgbẹ́ kan ni wọ́n láti kékeré títí dójú ikú. Kò kan ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kò kan olówó tàbí tálákà. Ti Susannah jẹ́ obìnrin mẹ́rìndínlógójì, òun alára ṣìkẹtàdínlógójì. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n máa ń pàdé ní ilé ìyálóde wọn, Alhaja Sàúdátù, tó ń ta abọ́ tánganran ní Ìmọ̀wò. Susannah rò ó pé, bí gbogbo ayé bá já òun kulẹ̀, àwọn wọ̀nyí ò ní já òun kulẹ̀. Òun á mú wọn wọ yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á sì bi wọ́n ní bòókẹ́lẹ́, gẹ́gẹ́ bí Dókítà ṣe wí.

Helen, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé, ló kọ́kọ́ mú wọlé. Wọn ò tíì dé gbólóhùn kejì tí Alhaja fi ṣílẹ̀kùn.

"Kí lẹ fẹ́ bára yín sọ tí ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ gbọ́?"

"Alhaja, iṣẹ́ ni. Wọ́n ní kí n bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ta ni wọ́n? Susannah, láti ọjọ́ tí a ti ń jó yí ìlú ká, ìgbà wo la tí ì wọ yàrá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ara wa? Ẹ bọ́ síta, ẹ̀yin méjèèjì."

Wọ́n bọ́ síta. Susannah ka gbólóhùn náà sókè, nítorí kò sí ohun tó tún lè ṣe. "'Olóòótọ́ ni mí.' Helen, mélòó?" Helen wolẹ̀. Ẹnì kan pariwo láti igun pé Helen kì í parọ́, kó fún un ní márùn-ún. Ẹlòmíràn ní bí Helen bá gba márùn-ún, mélòó ni tòun, tó dá owó onówó padà lọ́dún yẹn? Ariwo sọ. Àwọn ìyá tó ti ń jẹun pọ̀ láti ogójì ọdún fẹ́ máa nàka síra wọn.

Alhaja pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ilé sì parọ́rọ́. "Ẹgbẹ́ kan ni wá," ó ní. "Ẹnì kan ò ga ju ẹnì kan lọ níbí. Bí ẹ bá fún ẹnì kan ní márùn-ún, ẹ ti sọ ẹnì kejì di òpùrọ́ nìyẹn. Susannah, kọ mẹ́ta fún gbogbo wa."

"Alhaja, ọgọ́ta ìbéèrè ló wà níbẹ̀!"

"Kọ mẹ́ta sí gbogbo ọgọ́ta."

"Wọn ò ní gbà á, mo bẹ̀ yín. Ẹ ò jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ tirẹ̀?"

"Ṣé o fẹ́ fi ìwé òyìnbó tú ẹgbẹ́ ká ni?"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún Alhaja. Susannah jókòó, ó sì ń kọ. Mẹ́ta tó kọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ju ẹgbàá lọ, ọwọ́ ń ro ó, ojú ń ta á. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú rẹ̀ pé kó jẹun kó tó parí, pé iṣẹ́ Dókítà ti mú un rù.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó tẹ́ àwọn fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì, ó ń wò wọ́n. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe máa rí lójú Dókítà. Ó sì mọ ohun tó rọrùn láti ṣe: kó mú bírò, kó sọ mẹ́ta kan di mẹ́rin síhìn-ín, kó sọ òmíràn di méjì sọ́hùn-ún. Ta ló máa mọ̀? Ó mọ ìwà gbogbo wọn, àní ó lè kọ tẹnì kọ̀ọ̀kan kó sì tọ̀nà ju bí àwọn fúnra wọn á ti kọ ọ́ lọ. Ó tilẹ̀ ṣí bírò náà. Ohun tí ènìyàn bá sọ ni kí ẹ kọ, Dókítà ti wí. Ó dé bírò náà padà, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì bó ṣe wà.

Dókítà kò kà tó mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kó tó ṣí ìyókù wò wéréwéré, tó sì yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìyáàfin Mọ́ṣádé, ilé yín lẹ jókòó sí tí ẹ fi kọ èyí."

"Rárá o, Dókítà."

"Mẹ́rìndínlógójì! Ìdáhùn kan náà látòkè délẹ̀! Mà, bí ó bá rẹ̀ yín, ṣebí ẹ máa sọ fún mi ni. Kí ni mo fẹ́ fi ọ̀lẹ ṣe?"

Ọ̀lẹ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nídìí pátákó ìkọ̀wé, ẹnikẹ́ni ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Susannah dìde dúró.

"Dókítà, ẹni tó bá fẹ́ parọ́ á pa èyí tó dára ju báyìí lọ. Ẹ gbé mọ́tò yín. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n wọ Volkswagen Dókítà, ó di Ìmọ̀wò. Alhaja Sàúdátù ń to abọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó gbọ́ pé ẹnì kan ń ṣiyèméjì sí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ òun, abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

"Susannah? Òpùrọ́? Gbọ́, ọmọ mi. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, òun ló fọ́ ìkòkò ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i, ó lọ jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n sì nà án. Bí o bá fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn, kò ní parọ́. Gbogbo ìlú yìí ló mọ̀ ọ́n!"

Orí Susannah wú. Ó wo Dókítà. Dókítà mi orí, ó yọ ìwé kékeré jáde.

"Ẹ ṣé, màmá. Ẹ̀yin ni ẹ dáhùn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù yín fúnra yín?"

"Èmi? Ká má rí i. Mi ò fẹnu ara mi sọ nǹkan kan nípa ara mi. Ẹgbẹ́ ló sọ̀rọ̀."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Susannah fẹ́ bú sẹ́kún. "Alhaja, ẹ ṣàlàyé fún wọn dáadáa!"

"Mo ti ṣàlàyé. Ọmọ Ayépé ni ọ́, àbí? O yẹ kó o mọ̀."

"Mo mọ̀, màmá," Dókítà ní, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Kọ̀ǹpútà yunifásítì ni kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ẹyọ kan péré. Ìyáàfin Mọ́ṣádé yìí, nípa òótọ́ sísọ, láti oókan dé aárùn-ún, mélòó lẹ máa fún wọn?"

Susannah tẹjú mọ́ ẹnu Alhaja. Alhaja wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

"Mẹ́ta ni," ó ní. "Bíi ti gbogbo wa."

Wọ́n wa mọ́tò padà sí Ìtòrò. Dókítà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti rí i pé obìnrin náà lọ síbẹ̀ lóòótọ́, àti pé wọ́n dáhùn ní ọ̀nà tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè rẹ̀ ní yunifásítì ti ń dúró de ìwé rẹ̀ lọ́la, ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn bóyá Ìyáàfin Mọ́ṣádé ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ó yọ ìwé kan láti inú dúrọ́ọ̀.

"Mà, gbogbo ẹni tí a bá fẹ́ gbà síṣẹ́ ló ń kọ èyí. Ìbéèrè mẹ́wàá péré ni. Ẹ lọ kọ ọ́ nínú yàrá kejì, ẹ̀yin nìkan. Èyí ni màá fi gbèjà yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣáà kọ ohun tí ẹ jẹ́."

Susannah wọ yàrá kejì, ó ti ilẹ̀kùn. Mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ kò pẹ́ ẹ rárá. Àsìkò wo lo máa ń dé ibi iṣẹ́, ṣé o lè rìn jìnnà, ó dáhùn gbogbo ìyẹn kíá. Ó fo èkeje, ó sì padà wá bá a níkẹyìn. "Olóòótọ́ ni mí."

Ó gbé bírò lọ sórí márùn-ún. Òótọ́ ni márùn-ún. Ó mọ̀, Ọlọ́run mọ̀. Bírò dúró níbẹ̀, kò kàn án. Ó ń rántí ìyá rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, tó máa ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹnì kan bá ń ròyìn ìwà rere ara rẹ̀, bí ẹni tí òórùn gbá nímú. Ó ń rántí ojú Helen tó wolẹ̀. Obìnrin mẹ́rìndínlógójì gba mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé láìjanpata. Kí òun wá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kí òun fún ara òun ní márùn-ún? Ó gbé bírò kúrò, ó tún gbé e padà. Ó gbìyànjú mẹ́rin, mẹ́rin náà sì ń tì í lójú. Inú ń bí i débi pé ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu tábìlì. Kọ ọ́, Susannah! Kọ ọ́! Ta ló ń wò ọ́?

Nígbà tó jáde, Dókítà gba ìwé náà, ó sì wo èkeje kó tó wo nǹkan mìíràn.

"Mẹ́ta?" Ó gbé ojú sókè. "Mà, mo ní fọ́ọ̀mù mìíràn níbí. Mo lè fún yín. Nípa òótọ́ sísọ, ṣé mẹ́ta lẹ fẹ́ kí n fi ránṣẹ́?"

Omi ti dé ojú Susannah. Gbogbo ọ̀rọ̀ ayé ló wà ní ọ̀fun rẹ̀, ti ìkòkò ìyá rẹ̀, ti bírò tó ṣí tó tún dé lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣe é fi ẹnu ara ẹni sọ.

"Dókítà," ó ní, "ẹ bi àwọn tó mọ̀ mí."

Bó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ ló gbọ́ ọ, ohùn Pa Frederick gan-an ni.

Dókítà dé bírò rẹ̀, ó sì fi í sápò.

"Mo ti bi wọ́n, mà."